Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Ṣé níkótíìnì ló ń pani ni, àbí èéfín sìgá?

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ra ṣingọ́ọ̀mù àti pílásítà níkótíìnì lọ́wọ́ wa. Wọ́n á ní: “Ẹ sọ pé níkótíìnì ni kò jẹ́ kí n lè fi sìgá sílẹ̀, níkótíìnì náà lẹ sì tún dì lé mi lọ́wọ́ yìí. Kí ló wá yàtọ̀?” Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kó ní ìdáhùn gidi.

Níkótíìnì, èròjà kan tó wà nínú ewé tábà, ló ń so èèyàn mọ́ sìgá, èéfín ló ń pa á. Bí ewé tábà bá ti ń jó, ohun tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde lé ní 7,000 kẹ́míkà, a sì mọ̀ pé ó tó 70 nínú wọn tó ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Carbon monoxide, tó tún máa ń wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ń gba àyè mọ́ afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé káàkiri ara. Ní 1976, Michael Russell, dókítà kan ní London tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ sìgá, kọ ọ́ pé nítorí níkótíìnì làwọn èèyàn ṣe ń mu sìgá, ṣùgbọ́n ọ̀dà ló ń pa wọ́n. Títí di òní, níkótíìnì kò sí nínú àkójọ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ tí àjọ tó ń wádìí àrùn náà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Kódà ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oògùn oníníkótíìnì kún àwọn oògùn tí wọ́n kà sí kò-ṣeé-má-nìí.

Ẹ má torí èyí rò pé omi lásán ni o. Níkótíìnì máa ń mú kí ọkàn sáré, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru díẹ̀, ó sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè gba èyí mọ́ra. Ẹni tí àìsàn ọkàn kọ lù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀ kó tó ra ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Aláboyún náà ńkọ́? Níkótíìnì máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá dé ara ọmọ inú, ó sì lè ṣe ìpalára fún ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí aláboyún bá ti gbìyànjú láti fi sìgá sílẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, dókítà rẹ̀ lè fún un ní níkótíìnì níwọ̀nba, nítorí èéfín burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ náà. Dókítà ló ni ìpinnu yẹn, kì í ṣe àwa.

Ohun tó ń sọ níkótíìnì di bárakú ni bó ṣe ń yára dé ọpọlọ. Tí èèyàn bá fa sìgá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ló ti débẹ̀. Ọpọlọ á gbádùn ẹ̀, á sì tún bèèrè òmíràn. Ti ṣingọ́ọ̀mù máa ń tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kó tó kún ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ti pílásítà sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyí tí pílásítà fi ń pa òùngbẹ sìgá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ di ohun tí èèyàn ń lé kiri. Bó ṣe pọ̀ tó náà kò dọ́gba. Ẹni tó ń mu igi sìgá 20 lójúmọ́ ń gba níkótíìnì bíi mílígíráàmù 20 sí 30 sára. Ṣingọ́ọ̀mù onímílígíráàmù 2 kan, bí ìdajì rẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Torí náà, ìṣòro tí a sábà máa ń rí ni pé àwọn èèyàn ń lò ó kéré jù, tí òùngbẹ sì tún dá wọn padà sídìí sìgá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí a ṣe ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù yìí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹni tó ń mu sìgá àkọ́kọ́ kí ìdajì wákàtí tó pé tó jí, onímílígíráàmù 4 ni tirẹ̀. Ẹni tó lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú 2. Ẹ rún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu á fi máa ta bí ẹni jẹ ata. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró! Ẹ tì í sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kí ẹ fi í síbẹ̀. Bí títa náà bá lọ, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ẹ tún rún un lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa ṣe é fún ìdajì wákàtí, títí kò fi ní ta mọ́. Ẹni tó bá ń rún un wàwà bíi ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé, itọ́ ló máa gbé níkótíìnì lọ sínú ikùn. Àyà á máa ta á, òsúkè á mú un, èébì á máa gbé e, ẹ̀dọ̀ á sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ọpọlọ. Ìyà méjì nìyẹn, òùngbẹ sìgá sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Bákan náà, níkótíìnì kì í gba awọ ẹnu wọlé dáadáa bí ohun kíkan bá wà lẹ́nu. Kọfí, ẹlẹ́rìndòdò àti omi ọsàn, ẹ má mu wọ́n láti ìṣẹ́jú 15 ṣáájú títí ẹ ó fi tu ṣingọ́ọ̀mù náà dànù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ máa jẹ ẹyọ kan ní wákàtí kan sí méjì, kó má sì dín ní mẹ́sàn-án lójúmọ́. Láti ọ̀sẹ̀ keje dé ìkẹsàn-án, ẹyọ kan ní wákàtí méjì sí mẹ́rin. Láti ìkẹwàá dé ìkejìlá, ẹyọ kan ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ ju 24 lọ lójúmọ́.

Pílásítà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń mu ju igi mẹ́wàá lọ lójúmọ́ á fi onímílígíráàmù 21 bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á lo 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà 7 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń mu mẹ́wàá tàbí kó dín á bẹ̀rẹ̀ láti 14. Ibi tó mọ́, tó gbẹ, tí kò nírun, ní apá òkè tàbí àyà ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́ kó má báa máa yún yín. Ẹ má fi sísà gé e. Ẹ má fi ohun gbígbóná lé e lórí, torí ooru ń mú kí níkótíìnì tú wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àlá bá ń dà yín láàmú lóru, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Fún amusìgá paraku, kó lẹ pílásítà, kó sì fi ṣingọ́ọ̀mù sápò fún ìgbà tí òùngbẹ bá le, ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára lọ àwọn oògùn kan bíi clozapine àti olanzapine, tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, àti theophylline, tí wọ́n ń lò fún ikọ́ fée. Kì í ṣe iṣẹ́ níkótíìnì, iṣẹ́ èéfín ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi sìgá sílẹ̀, bí pílásítà tilẹ̀ wà lápá yín, oògùn wọ̀nyí lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín kí ọjọ́ náà tó pé, kó lè dín oògùn náà kù.

Vape, ìyẹn sìgá oníná tó ń sọ omi oníníkótíìnì di ìkùukùu tí èèyàn ń fà sínú, òun ńkọ́? Nítorí pé kò sí ohun tó ń jó nínú rẹ̀, ewu rẹ̀ kéré sí ti sìgá fún ẹni tó ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀, bó bá pa sìgá tì pátápátá. Ẹni tó ń fa méjèèjì pọ̀ ṣì ń gba èéfín sìgá. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni ti àwọn ọmọ. Níkótíìnì tó le máa ń ta ọ̀fun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì, ọ̀fun tí ì bá kìlọ̀ á dákẹ́. Èyí tí wọ́n kọ 5% sí lára ní níkótíìnì bíi mílígíráàmù 50 nínú mìlílítà kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: dídùn ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mọ̀, ọpọlọ wọn tí kì í dàgbà tán títí di bí ọdún 25 á sì ti mọ́ ọn lára. A kì í tà á fún ọmọdé, a kì í sì í ta èyíkéyìí nínú wọn fún ẹni tí kò mu sìgá rí.

Ìgò omi vape mìlílítà 10 tó jẹ́ mílígíráàmù 20 nínú mìlílítà kan, níkótíìnì mílígíráàmù 200 ló wà nínú rẹ̀ lápapọ̀. Èyí lè pa ọmọ kékeré. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Pílásítà tí ẹ ti lò ṣì ní níkótíìnì lára. Ẹ ká a po kí ojú tó ń lẹ̀ wà nínú, kí ẹ tó jù ú síbi tí ọmọ kò lè dé. Bí omi vape bá dà sára yín, omi nìkan ni kí ẹ fi ṣàn án, torí ọṣẹ lè mú kó tètè wọ ara. Bí ọmọ bá gbé e mì, tí ojú rẹ̀ ń funfun, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì tàbí tí gìrì mú un, ẹ má fi tipátipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ra oògùn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka iye igi sìgá tí ẹ mu lánàá, ẹ rántí aago tí ẹ mu ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́ wá.

Àwa tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà oògùn yín