Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Télọ̀ Ẹ̀bútè-Mẹ́tà Lórí Ilé Ìwòsàn Ìjọba

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Lagos Mainland,

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa télọ̀ Ẹ̀bútè-Mẹ́tà ló kọ̀wé yìí, tọ̀gá tọmọṣẹ́.

Ọ̀kan nínú wa, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Wọ́n di oògùn sínú ọ̀rá pélébé, wọ́n fi báírò kọ "1 bd" sí i lára. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Ìyá rí 1, ó ń lo ẹyọ kan lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́ ni "bd" ń wí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òòyì kọ́ ọ nídìí máṣìnì, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó dì í mú. Nígbà tá a gbé e padà lọ, nọ́ọ̀sì ké láti ẹnu ọ̀nà: "Màmá ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí kì í lo oògùn dà?" Gbogbo èrò orí bẹ́ǹṣì yíjú. Oníbàárà rẹ̀ méjì wà láàárín wọn.

Àwa náà ń kọ ìkékúrú o. "Ày 38, Ìd 44", ìyẹn ìwọ̀n àyà àti ìdí, ló kún ìwé wa. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la ń kà á. A kì í ya á fún oníbàárà pé kó lọ fi rán aṣọ.

A mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ò tó, èrò sì ti ń tò kílẹ̀ tó mọ́ tán. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń jágbe mọ́ni: mátíróònù kan wà níbẹ̀ tó máa ń ní kéèyàn tún ọ̀rọ̀ oògùn sọ fún òun kó tó jẹ́ kó lọ. Kò ju ìṣẹ́jú kan. Ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe náà là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí wọ́n kọ "ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́" sára ọ̀rá, kí wọ́n sọ ọ́ lédè tó yé aláìsàn, ì báà ṣe Yorùbá tàbí Ègùn, kí wọ́n sì gbọ́ ọ padà lẹ́nu rẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 ti ní kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lédè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé tó. Abala 26 ní kí ọ̀rọ̀ àìlera rẹ̀ jẹ́ àṣírí. Ìyá wa lórúkọ. Òun ni kí wọ́n máa pè.

Àṣírí wo ló tún kù níbi tí yàrá abẹ́rẹ́ ò ti ní ìlẹ̀kùn? Ìkélé tá a máa ta síbẹ̀ ò tiẹ̀ la owó ìjọba lọ. Àwa ó ra aṣọ, àwa ó rán ìkélé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i ká lè wọlé lọ wọn ojú ọ̀nà. Ọjọ́ Ajé tó bá wù yín, téèpù wa ti wà lọ́rùn.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́