Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì Lórí Ọjà Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ń Tà Á

Houston, Texas,
Amẹ́ríkà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á dé ìdajì kí n tó mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀, nítorí ìwọ kì í bẹ ènìyàn níṣẹ́ láìkọ́kọ́ kí gbogbo ará ilé rẹ̀ tán. Inú mi dùn pé ara Ìyá ti yá, àti pé ọjà ti ń tà díẹ̀díẹ̀ ní Gbági. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni mo fẹ́ dáhùn. O ní ó ti san owó kọ́ọ̀sì fún ẹnì kan tí ń kọ́ wọn ní òwò tí wọ́n ń pè ní drop shipping, níbi tí òǹtajà ti ń gba owó ọjà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń gbé e lọ fún oníbàárà, àti pé ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni ẹni tí ń gbé ní Amẹ́ríkà tí yóò yá a ní orúkọ, àdírẹ́sì àti àkáǹtì báǹkì, kí ó lè ṣí ìsọ̀ lórí eBay tàbí Amazon, àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn lórí èyí: n kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ó rò pé ahun ni mo dà nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, kí ìwọ tí o jẹ́ ọlọ́jà fi ojú ọlọ́jà wò ó.

Bílẹ́ńdà kan ni ó la ojú mi. Èyí tí mo fi ń lọ ata jóná ní ọdún tó kọjá, mo sì rí òmíràn lórí ọjà kan ní íntánẹ́ẹ̀tì ní 64 dọ́là. Òǹtajà náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé tuntun ni, àti pé ó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé páálí kan sí ẹnu ọ̀nà mi. Orúkọ ilé ìtajà ńlá mìíràn, tí kò bá ọjà tí mo ti rà á tan rárá, ni ó wà gàdàgbà lára páálí náà àti lára tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo tú u, mo bá ìwé pélébé kan nínú rẹ̀ tí ó ní kí n gbádùn ẹ̀bùn mi. Ẹ̀bùn wo? Èmi tí mo fi owó mi rajà! Ọmọ mi obìnrin ni ó ṣí ìkànnì ilé ìtajà náà lórí fóònù rẹ̀: bílẹ́ńdà kan náà, àwọ̀ kan náà, 47 dọ́là. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òǹtajà náà kò fi ojú kan bílẹ́ńdà yẹn rí. Nígbà tí owó mi dé ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sí ilé ìtajà tí ń bá ọjà tirẹ̀ du oníbàárà, ó fi 47 dọ́là rà á níbẹ̀, ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì mi sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wá bá mi, ó sì ní ẹ̀bùn ni, kí wọ́n má baà fi iye owó rẹ̀ sínú páálí.

Mo mọ ohun tí ìwọ yóò sọ. Ìwọ yóò ní ṣebí ohun tí ẹ ń ṣe ní Gbági lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí oníbàárà bá béèrè léèsì aláwọ̀ ewé tí kò sí nínú ìsọ̀ rẹ, ìwọ yóò ní kí ó jókòó, ìwọ yóò fún un ní omi tútù, ọmọ iṣẹ́ rẹ yóò sì gba ẹ̀yìn lọ mú un wá láti ìsọ̀ kejì, ìwọ yóò wá fi owó díẹ̀ lé e. Òótọ́ ni. Alágbàtà ni ó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe olè. Àmọ́ léèsì yẹn gba ọwọ́ rẹ kọjá kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. O tú u, o wò ó bóyá ó ní ihò, o wọ̀n ọ́n lójú ẹni tí yóò rà á. Bí ó bá sì di ọjọ́ kejì tí ó gbé e padà pé ó ya, ìwọ ni yóò bá wí, kò ní máa wá ìsọ̀ kejì kiri. Ẹni tí o sì ti mú un mọ̀ pé o fẹ́ tà á ni, ó mọ iye tí ẹ jọ sọ. Ilé ìtajà tí bílẹ́ńdà mi ti wá kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ta ọjà lé òun lórí. Lójú tiwọn, ẹnì kan ni ó ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóore.

Ìgbà tí ó di pé kí n dá a padà ni mo wá mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ti là. Mo kọ̀wé sí òǹtajà náà, ó ní kí n ya àwòrán rẹ̀. Mo yà á. Ó ní kí n tún yà á láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó fi àdírẹ́sì ibi tí n ó dá a padà sí ránṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí ilé ìtajà ńlá yẹn ni. Nígbà tí mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tí ó gbé fóònù fi sùúrù sọ fún mi pé òun kò rí orúkọ mi láàárín àwọn tí ó rajà lọ́wọ́ àwọn, pé ẹni tí ó rà á nìkan ni òun lè bá sọ̀rọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ wárántì pàápàá, rìsíìtì ẹni tí ó rà á ni àwọn yóò béèrè. Èmi tí bílẹ́ńdà wà nílé mi, èmi kọ́ ni mo rà á. Ẹni tí ó rà á, bílẹ́ńdà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà kí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti san owó tó dá sí i, kí owó mi sì padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ata inú agolo ni a fi ń se ọbẹ̀, má sì jẹ́ kí Ìyá gbọ́.

Kí àbúrò rẹ má baà rò pé owó gọbọi ni ó wà níbẹ̀, jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Bí a bá yọ 47 kúrò nínú 64, ó ku 17 dọ́là, ibẹ̀ sì ni mo gbà pé olùkọ́ kọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dá ìṣirò dúró. Ṣùgbọ́n eBay ń gba nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lórí ọ̀pọ̀ ọjà, Amazon sì ń gba 15 lórí ọ̀pọ̀ tirẹ̀. Bí a bá fi ti 13 ṣe é, dọ́là 8 àti sẹ́ńtì 32 ti lọ. Owó orí ọjà ní Houston níbí jẹ́ 8.25 nínú 100, ilé ìtajà tí ó ti ra bílẹ́ńdà yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí 47 dọ́là náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 4. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò pé dọ́là 5. Bí bílẹ́ńdà kan ṣoṣo bá padà, tí ilé ìtajà kò sì dá owó fún un, èrè orí mẹ́wàá ti bá a lọ. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe òwò yìí kì í fi ta ọjà kan tàbí méjì. Wọ́n ń lo ẹ̀rọ tí ń da àwòrán àti àlàyé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà kọ láti ìkànnì kan sí òmíràn, tí ó sì ń yí iye owó padà bí ti ọ̀hún bá ti yí. Bí ọjà bá tán lọ́hùn-ún kí ẹ̀rọ tó mọ̀, wọn a sọ fún òǹrajà pé ó ti tán, wọn a sì fagi lé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, n kò kàn mọ ohun tí ó fà á nígbà náà ni.

Ìlànà àwọn ọjà wọ̀nyí kò fi ara pamọ́. Òfin ìjọba kò sọ pé kí ènìyàn má ra ohun kan kí ó tún un tà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọjà ni ó ń ṣe òfin ọjà. eBay gbà pé kí òǹtajà jẹ́ kí ẹni tí ń ta ọjà lọ́pọ̀ fún un gbé ẹrù lọ fún oníbàárà tààrà. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ó lọ rà á ní ilé ìtajà mìíràn tàbí ọjà mìíràn lẹ́yìn tí oníbàárà ti sanwó. Amazon ní orúkọ òǹtajà fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà lára páálí àti nínú ìwé tí ó bá ẹrù rìn, òun náà ni yóò sì gba ohun tí wọ́n bá dá padà. Ìfijíṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti Prime, ètò ọmọ ẹgbẹ́ tí Amazon bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹtajà bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, ìlànà rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ra ohun tí a ó tún tà, a kò sì gbọdọ̀ fi kó ẹrù ránṣẹ́ sí oníbàárà wa. Ẹni tí wọ́n bá mú lè rí i pé wọ́n ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Mo rántí ìtàn ohun àkọ́kọ́ tí Pierre Omidyar tà ní ọdún 1995 nígbà tí ó dá eBay sílẹ̀: iná lésà kékeré kan tí ó ti bàjẹ́, ní dọ́là 14 àti sẹ́ńtì 83, ó sì bi ẹni tí ó rà á bóyá ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ó kéré tán, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ orúkọ mi. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní INFORM Consumers Act ti múlẹ̀ níbí. Bí òǹtajà bá ti ta ọjà tuntun ní ìgbà 200, tí owó tí ó wọlé sì tó 5,000 dọ́là láàárín oṣù méjìlá, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ yẹ àkáǹtì báǹkì rẹ̀, nọ́ńbà owó orí rẹ̀ àti ẹni tí ó jẹ́ wò. Bí ó bá tó 20,000 dọ́là lọ́dún, àwọn òǹrajà pàápàá gbọ́dọ̀ rí orúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ yóò wà ní Ìbàdàn, èmi ni ẹni tí ìdérí bílẹ́ńdà rẹ̀ là yóò máa wá. Èmi náà ni àwọn agbowó orí yóò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sì ń dẹ́rù bà mí jù ni pé àwọn olè ti wọ inú òwò yìí: wọ́n ń gba owó gidi lọ́wọ́ òǹrajà, wọ́n ń fi káàdì báǹkì tí wọ́n jí ra ọjà ní ilé ìtajà kejì, wọ́n a sì gbé e ránṣẹ́ sí i. N kò sọ pé àbúrò rẹ yóò ṣe irú rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ń tọ ipasẹ̀ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bá.

Ní ti ẹni tí ó gba owó kọ́ọ̀sì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, FTC, àjọ ìjọba tí ń gbèjà àwọn òǹrajà níbí, gbé àwọn kan lọ sí kóòtù tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn pé àwọn yóò bá wọn ṣí ìsọ̀ sórí Amazon àti Walmart, ilé ìtajà ńlá kan níbí, kí èrè máa wọlé láìṣiṣẹ́. Àjọ náà ní owó tí wọ́n gbà lé ní mílíọ̀nù 22 dọ́là. Bí ó bá ṣeé ṣe kí àbúrò rẹ gba owó rẹ̀ padà, kí ó tètè gbà á.

Bí ó bá fẹ́ tajà sí òde yìí, àdìrẹ wà nínú ìsọ̀ rẹ. Kí ó ya àwòrán márùn-ún nínú rẹ̀ ní ìta, níbi tí oòrùn wà, kí ó wọn gígùn àti ìbú wọn, kí ó sì béèrè iye tí yóò gbà láti fi ránṣẹ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ kò wọ Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, nítorí náà kí ó fi owó ibodè sínú ìṣirò. Méjì àkọ́kọ́, èmi ni n ó rà á. Sọ fún un pé kí ó pè mí ní alẹ́ Sátidé, nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó sì mú ìwé àti bírò dání.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì bá mi gbé àwọn ìbejì mọ́ra.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́.