Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ráyè gbọ́ nínú ìpàgọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọdún Àjíǹde ti ń kanlẹ̀kùn, pátákó ìpolówó ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ sì ti gba ìgboro. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn pé ẹni tó bá wá yóò mọ ìpè rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí Ọlọ́run fẹ́ kó fi ayé rẹ̀ ṣe, kó tó padà sílé. Àwa tí a ń ṣètò irú ìpàgọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn agùnbánirọ̀ àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì fẹ́ bẹ àwọn ìjọ kí wọ́n tún ètò yìí wò.

Ẹ wo ọjọ́ kan péré: àdúrà ìdájí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ìsọjí ìrọ̀lẹ́, ìṣọ́ òru, pẹ̀lú ààwẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Ìgbà wo ni ọmọ yìí fẹ́ ronú? Ẹni tí kò jẹun tí kò sì sùn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn Ọlọ́run, ẹ̀rù tirẹ̀ àti ìfẹ́ ọkàn ìyá rẹ̀. Lóru tó kẹ́yìn, àlejò oníwàásù á wá nawọ́ sí i láàárín èrò pé Ọlọ́run ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́. Ta ni yóò sọ pé òun kò gbà, nígbà tí gbogbo èrò ti ń ké Àmín?

Élì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámúẹ́lì sáré tọ̀ ọ́ wá, kò sì sọ̀rọ̀ dípò Ọlọ́run. Ó ní kí ọmọ náà lọ dùbúlẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe dáhùn. Ìkìlọ̀ kan náà ni Ignatius ti Loyola, àlùfáà ará Sípéènì tó ti ṣe jagunjagun rí, kọ sínú ìwé tó ṣe fún àwọn tó ń darí àdúrà nínú irú ìpàgọ́ yìí, èyí tí Póòpù fọwọ́ sí ní 1548: afinimọ̀nà, ìyẹn ẹni tó ń darí àdúrà náà, kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún.

Ohun tí à ń dá lábàá ni ìpàgọ́ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀sán Àìkú, kó má sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an, nítorí ariwo. Ọ̀dọ́ 24 ti tó, pẹ̀lú afinimọ̀nà 4, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mójú tó 6. Ẹ gba fóònù wọn lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fún àwọn òbí ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà dàrú. Láti òwúrọ̀ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, títí kan ìdí oúnjẹ, àfi pẹ̀lú afinimọ̀nà rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Àdúrà mẹ́rin ló tó lójúmọ́, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ka ibi kan nínú Bíbélì lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 kọ ibi tí ọkàn wọn ti yọ̀ àti ibi tó ti gbẹ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, oorun ni yóò gbé púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má jí wọn. Ẹ má sì dárúkọ ìpè lọ́jọ́ náà rárá. Ìfẹ́ Ọlọ́run ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá afinimọ̀nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn yòókù ti lè rí wọn láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìpè tó kàn. Ohun rere méjì ni kí ọ̀dọ́ gbé yẹ̀ wò, bí àpẹẹrẹ: iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà; iṣẹ́ olùkọ́ lábúlé tàbí oko. Kó pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: èrè bí mo bá ṣe é, ewu bí mo bá ṣe é, èrè bí n kò bá ṣe é, ewu bí n kò bá ṣe é.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ẹ̀yìn ìpàgọ́. Ní 1521, ọta ìbọn ńlá ṣẹ́ Ignatius lẹ́sẹ̀ lójú ogun ní Pamplona, ìlú kan ní Sípéènì. Lórí àkéte àìsàn, ó ṣàkíyèsí pé ìrònú òkìkí jagunjagun dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n ó ń fi ọkàn òun sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ìrònú ìgbé ayé àwọn ẹni mímọ́ ní tirẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ kì í lọ. Ayọ̀ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ariwo ni kí á máa wò. Nítorí náà, kí afinimọ̀nà tún rí ọ̀dọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹfà àti oṣù kẹta. Kí oṣù kẹta tó pé, kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó má fi ilé ìwé sílẹ̀, kó má sì já àdéhùn ìgbéyàwó. Lásìkò náà, kó lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó wù ú ṣiṣẹ́, kó fọ̀rọ̀ lọ àlùfáà àti òbí rẹ̀. Bí ọkàn bá gbẹ láàárín àkókò yìí, kò gbọdọ̀ yí ìpinnu tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Kó dúró, kó sì máa gbàdúrà.

Ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó wá: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́ yìí, tàbí tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, kò yẹ kí á fi sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ méjì. Dókítà ló kọ́kọ́ yẹ kó rí.

Owó tí à ń ná sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, jẹnẹrétọ̀ àti àlejò oníwàásù ló lè bọ́ àwọn 24 yìí, kó sì tún san owó ọkọ̀ àwọn afinimọ̀nà fún àbẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwa olùṣètò ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́,
Ìbàdàn.