Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: ibi tí a ó ti yà lọ́nà

Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú àtijọ́. Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti dé? Àlàáfíà la wà níbí, ọyẹ́ nìkan la ń retí.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì wo àwọn fọ́tò náà títí. Lẹ́tà ni mo pinnu láti kọ, torí ọ̀rọ̀ tí o dá sílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń sọ lórí ìdúró. O ní àwọn méjì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Chiba, ní Jàpáànù lọ́hùn-ún, fẹ́ bá ọ wálé ní Disẹ́ńbà, pé wọn ò sì fẹ́ ká kàn gbé wọn láti Ìbàdàn wọ Ògbómọ̀ṣọ́ láìyà síbì kankan, pé ibi tí èrò ń dúró sí lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń wá wò. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ta ló ń wọ bàálù tìtorí etí títì? Àfìgbà tí mo wo michi-no-eki tiyín, ibùdó tí èrò ti ń sinmi létí ọ̀nà, dáadáa ló tó yé mi.

Mo ní kí Tolú bá mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1993 ni ìjọba wọn kọ́kọ́ fọwọ́ sí 103 irú ibẹ̀. Ó ti lé ní 1,200 báyìí káàkiri Jàpáànù. Dandan ni kí àyè ìgbọ́kọ̀sí àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́, kí àlejò sì rí ibi tó ti máa béèrè bí ọ̀nà ṣe rí àti ohun tó wà ládùúgbò. Àwọn àgbẹ̀ ló ń kó irè wọn wá, àwọn fúnra wọn ló ń dá iye lé e, tí wọ́n sì ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ tó ní orúkọ ẹni tó gbìn ín! Èyí wù mí o. Ti Tomiura tí o yà sí yẹn ni mo sì wò jù, níbi tí wọ́n ti fi èso biwa ṣe áísìkirimù, tí wọ́n fi ṣe jáàmù, tí wọ́n tún fi se ọbẹ̀ kọ́rì. Èso kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe èrò o. Kajú tiwa ńkọ́? Máńgòrò tó ń jẹrà sábẹ́ igi níbí lóṣù Kẹrin ńkọ́?

Ó dáa, ká wá sí tiwa.

Fìdítì la ó ti kọ́kọ́ dúró. Ọsàn á ti pọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tètè kìlọ̀ fún wọn: bí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì báyìí, àwọn obìnrin á ti yí mọ́tò ká, igbá á wà lórí, ọwọ́ á ti wọ wíńdò, "Tèmi ni kẹ́ ẹ rà! Oyin ni, ẹ tọ́ ọ wò ná!" Kí wọ́n má rò pé ìjà ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá ń bó ọsàn, ojú ẹ̀ kì í sí lára ọ̀bẹ rárá, mọ́tò tó ń bọ̀ ló ń wò. Ọsàn á máa yí lọ́wọ́ òsì, èèpo á máa gùn bọ̀ wálẹ̀ ní ọ̀já kan tínrín láìjá, títí yóò fi balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Á bẹ́ orí ẹ̀, á nà án sí ọ, ẹnu ẹ̀ ò ní dákẹ́. Bí o bá rà tó mẹ́wàá, á wò ọ́ lójú, á rẹ́rìn-ín, á fi ènì lé e.

Ènì yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Ibi tí èmi àti ìwọ kò ti fẹnu kò nìyí, níbi tí o ti ní kí ìjọba kó àwọn obìnrin yẹn sínú ilé kan, kí wọ́n máa lẹ iye mọ́ ọjà bíi tọ̀hún. Iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọjà, ó ti parí nìyẹn, ta ló máa bá ọ ṣàwàdà lé e lórí? Ìwọ náà sì mọ orílẹ̀-èdè wa. Bí ilé bá ti dúró, ẹni tó ní ọsàn kọ́ ló máa gba ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó mọ kánsẹ́lọ̀ ni. Ìyá tí mò ń sọ yìí á tún padà sí etí títì, àwọn agbowó á sì máa lé e kiri.

Lórí ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo gbà fún ọ pátápátá. Ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 100 láti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa, níbo lobìnrin ti fẹ́ tọ̀? Ọkùnrin á kọjú sígbó, ó bùṣe. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo yà sí ilé epo kan, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ jẹun. Nígbà tó dé, kò sómi. Nítorí náà, kí gbogbo yín ti tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn. Bí a bá dé Ọ̀yọ́, a ó wọ òtẹ́ẹ̀lì kan, a ó ra mínírà, a ó fi ìyẹn tọrọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn. Kó tíṣù dání.

Ní Ọ̀yọ́, má jẹ̀ẹ́ ká dúró sójú títì nìkan. Ká wọ̀lú lọ sí ọjà Akẹ̀sán, ká rí àwọn tó ń fín igbá. Ó yẹ kí wọ́n jókòó ti ọ̀kan nínú wọn fúngbà díẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ há igbá, á máa fi ẹnu ọ̀bẹ ṣóńṣó họ ara ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á fẹ́ eruku ẹ̀ dànù, á tún yí i. Kò ní yàwòrán sórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, àtinú orí ló ti ń wá. Á bá wọn fín orúkọ wọn sí i lójú wọn. Ìwọ ni kó o kọ ọ́ sórí bébà, lẹ́tà gàdàgbà. Tìmùtìmù aláwọ náà wà, ṣùgbọ́n èmi ni màá ná an. Bí wọ́n bá ti rí àlejò, owó á fò sókè. Àwọn ọmọdé á sì máa pariwo "Ṣáínà! Ṣáínà!" tẹ̀ lé wọn. Bá mi tọrọ àforíjì ṣáájú.

Láti Ọ̀yọ́, ká tètè kúrò. Ọ̀nà tó wá sọ́dọ̀ wa ṣì ń fúnni ní wàhálà, tírélà àti táńkà tó ń ti òkè ọya bọ̀ ló kún un. Mi ò fẹ́ kílẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí òyà tí wọ́n fi kọ́ sétí ọ̀nà, kí wọ́n ya fọ́tò, ká máa lọ.

Bí a bá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ilé mi ni, àmọ́ a ó kọ́kọ́ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, nínú igbá, pẹ̀lú omi ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á rò pé tófù, wàrà sóyà tiwọn, ni. Màá dín in, màá fi ata sí i. Kajú inú ìgò náà wà, èyí tí wọ́n á gbé padà fún àwọn ará ilé wọn. Máa yẹ ìdí ìgò wò kó o tó sanwó, torí àwọn kan ń kó èyí tí kò dáa sísàlẹ̀. Lálẹ́, ọkà láfún àti ewédú ni màá rò fún wọn.

Sọ fún mi bóyá wọ́n ń jẹ ata, àti ọjọ́ tí bàálù yín ń balẹ̀, kí n lè bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ra ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ michi-no-eki sí fún Tolú. Láti ọjọ́ tó ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ti jẹ́ n sinmi.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí.

Èmi ni,
Ìyá Tolú