Ẹ Yé Sọ Fún Wa Pé Ká Má Ronú

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, torí inú ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn aláṣẹ ìlera kó ara wọn wá sí ọjà wa níbí n'Ìbàdàn. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ní àwọn wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. A pa ọjà tì, a tò sínú oòrùn, wọ́n ń ya wá ní fọ́tò. Nígbà tí wọ́n wọn tiwa tán, ìwé pélébé kan ni wọ́n há fún wa. Ọ̀gá tó kó wọn wá wá gba makirofóònù, ó ní ohun tó ń pa wá ni pé a kì í sinmi, a kì í jẹ èso, a sì ń ronú jù. "Ẹ má ronú mọ́." Bó ṣe wí nìyẹn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Oògùn ńkọ́? Kò sí oògùn. Hóró kan ṣoṣo, wọn ò mú un wá.

Ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, 190 lórí 110 ni tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní kí màmá tètè lọ rí dókítà. Màmá ti rí dókítà, ó ti pẹ́. Oògùn wà nínú àpò tó so mọ́dìí níbi tó dúró sí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bó ṣe ń lò ó. Bíléèdì ló fi ń la hóró kan sí méjì lórí ìdérí ike, yóò gbé ìlàjì mì, yóò wé ìlàjì kejì sínú ọ̀rá di ọjọ́ kejì. Èyí tí bíléèdì bá fọ́ sórí ike, ìka ló fi ń kó o lá. Bí ọjà ò bá tà, á fo ọjọ́ kan. Odindi kan lójúmọ́ ni dókítà kọ fún un. Ó gbọ́ o, kò sì yadi. Owó ni kò sí.

Ẹ wá ní kó má ronú. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò fi ní ronú? Láti òkè ọya ni tòmátì rẹ̀ ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 gun ₦500 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sì dúró síbẹ̀. Owó ọkọ̀ gbéra, apẹ̀rẹ̀ gbéra, àwìn ló sì ń rà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, jíjẹrà ni tòmátì ń jẹrà, ẹni tó jẹ ní gbèsè ò ní mọ̀ pé tòmátì jẹrà. Láàárín ọdún kan, náírà tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan di èyí tó ju 1,500 lọ. Íńdíà àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ oògùn wa, tàbí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ohun kan náà tó gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè ló gbé oògùn rẹ̀ sókè.

Ti èso tí wọ́n ń wí yìí náà ń bí mi nínú. Ẹja ti kúrò nínú ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé, mágì ló rọ́pò rẹ̀, mẹ́rin márùn-ún sínú ìkòkò kan kí àwọn ọmọ lè rí i jẹ. Iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú mágì. Ẹni tí ò rí ẹja rà ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa jẹ ápù! Àwọn mìíràn ti gba ìdí àgbo lọ. N kò bú àgbo o, àgbo ni wọ́n fi wò mí dàgbà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́gbòogi ẹ̀bá ọ̀nà kò ní ohun tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn kan ṣì ń pè é ní àrùn olówó. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi nípa ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1967 lórí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní Whitehall. Gbogbo wọn ló ń gbowó oṣù, gbogbo wọn ló ní ọsibítù tí wọn kì í sanwó níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ipò òṣìṣẹ́ bá ṣe kéré tó ni àrùn ọkàn ṣe ń pa wọ́n tó. Sìgá tí wọ́n ń mu kò tó láti fi ṣàlàyé gbogbo ìyàtọ̀ ọ̀hún. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ nínú ọ́fíìsì nìyẹn o. Alábàárù tó ń ru àpò gaàrí ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kó yé àwọn aláṣẹ nìyí. Ẹni tí ikọ́ ife bá ń ṣe ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ti ẹni tó ní kòkòrò HIV náà, ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó há ìwé pélébé fún wọn pé kí wọ́n má ronú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Mo mọ̀ pé owó àwọn òyìnbó pọ̀ nínú tiwọn, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí Amlodipine kì í ṣe tuntun, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, owó pọ́ọ́kú ni bí ìjọba bá rà á lápapọ̀. Kí ó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní káàdì, kó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kó gba ti oṣù kan, kó padà sídìí ọjà rẹ̀. Kí ìyálọ́jà tàbí aṣojú rẹ̀ sì máa bá wọn ka oògùn nígbà tó bá dé, torí a mọ bí ohun ọ̀fẹ́ ṣe ń rìn dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ẹ má sì sọ pé owó ò sí. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ lọ sí ètò ìlera tó wà fún mẹ̀kúnnù, ó sì ya ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀hún sọ́tọ̀ fún oògùn, àjẹsára àti ohun èlò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.

Adójútòfò ìlera tí òfin 2022 sọ di dandan, kí wọ́n gbé e wá bá wa nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣèlérí fún ìlera l'Ábújá ní 2001, kí ìjọba wa mú un ṣẹ.

Mo ń bẹ àwọn aṣòfin wa, bí ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ bá dé iwájú yín, ẹ bi wọ́n: èló ló wà fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́ọ̀dù wo ló sì máa kọ́kọ́ dé?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Ìbàdàn.