Máòsì aláìníwáyà tó ń fà

Olótùú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní Àjàṣẹ́ àti Kétu: bí máòsì kọ̀ǹpútà wọn tí kò ní wáyà bá ń fà, tí kò tètè tẹ̀lé ọwọ́, kí wọ́n tó ra tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Bó bá ṣì ń fà, kí wọ́n wo ihò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ki ike kékeré tó ń bá a sọ̀rọ̀ bọ̀. Ihò USB 3.0, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, ń da ariwo tí etí kì í gbọ́ sórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, ọ̀nà kan náà tí máòsì ń gbà bá ike náà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. USB 2.0 ni kí wọ́n lò, tàbí kí wọ́n fi okùn USB kékeré fa ike náà sún mọ́ máòsì. Tábìlì onígíláàsì ńkọ́? Ojú abẹ́ máòsì kì í sábà ríran dáadáa níbẹ̀. Páálí lásán tí wọ́n bá tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti tó.

Àwa atúnkọ̀ǹpútà-ṣe,
Àjàṣẹ́.