Sí Àjọkẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ajá yẹn

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹja ń wọ ọjà Olúwo? Ẹsẹ̀ Màámi ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá dáhùn gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n má fi wọ́n ṣíwájú nígbà tó o bá ń fèsì. Ohun tó wà nílẹ̀ ju ìkíni lọ.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìlà kan péré: “Bọ̀dá mi, ẹ ti di Họ́ńkọ́ńfúù. Ẹ kú iṣẹ́.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ohùn mi sílẹ̀ láti fi dá ọ lóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́. Ìbínú ló kún inú àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú èkejì, ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ lórí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ará Ìkòròdú kan tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ ló máa mú lẹ́tà yìí wá, ó sì ti ṣèlérí fún mi pé òun á gbé e dé Ẹ̀pẹ́ fúnra òun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó. Náírà 140,000 tó o yọ nínú owó àjọ rẹ tó o fi san ti káfíńtà àti ti oníṣòwò pákó, mo ti fi ránṣẹ́. Á ti wọ àkáǹtì rẹ kí lẹ́tà yìí tó dé. Mo fi 10,000 lé e, má sì bá mi jiyàn lórí ẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé, Àjọkẹ́. Oṣù tí wọ́n ń kan òrùlé ilé bàbá wa yẹn gan-an ni wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ mi kù, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Owó ilé ò dín, owó iná ò dín. Ṣé o rò pé mo ní in lọ́wọ́ tí mo wá dì í mú ni? Ó yẹ kó o bi mí. Mo ní ó yẹ kó o bi mí, àmọ́ mo tún mọ̀ pé páànù ti wà nílẹ̀, òjò ti ṣú, káfíńtà ò sì ní dúró de ìbéèrè. Ohun tó yẹ kó o ṣe lo ṣe.

Ìyẹn tán. Ó ku ti ajá.

Ẹlòmíì tó bá gbọ́ pé àbúrò pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ajá á ní o rí mi fín. Mi ò kà á sí àrífín. Èmi àti ìwọ nìkan la mọ ajá tí ò ń wí láyé ńbí, òun ló sì jẹ́ kó dùn mí dé eegun.

Ṣé 1988 ni àbí 1989? Ọdún tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù wá ṣọdún Iléyá ni, tí wọ́n gbé fídíò wálé, tí wọ́n sì mú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wá fún àwa ọmọdé. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìwọ ò ju mẹ́fà lọ. Hong Kong Phooey lorúkọ kàtúùnù inú ẹ̀, àwa ò rí i pè, Họ́ńkọ́ńfúù là ń pè é. Ajá kan tó ń jẹ́ Penry ni agbálẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Tí Rosemary tó ń gbé tẹlifóònù bá ti gbọ́ pé olè ṣọṣẹ́ níbì kan, kíá ni Penry á ti kó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń kó fáìlì sí, á pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀, á fẹ́ jáde bí akọni tó ń jẹ́ Hong Kong Phooey, aṣọ pupa rúsúrúsú lọ́rùn, ìbòjú dúdú lójú. Dúrọ́ọ̀ á sì há mọ́ ọn. Ológbò ẹ̀ á wá gbá kọ́bọ́ọ̀dù náà, gbàà! Ajá á tó ráyè jáde.

Olè á dé, ajá á ṣí ìwé tó fi ń kọ́ kọnfú, á máa wá ojú ewé tó bá ìjà náà mu. Kó tó rí i, wọ́n ti nà án. Ológbò tí kì í sọ̀rọ̀ ni á ti nǹkan kan tàbí á fa nǹkan kan, olè á ṣubú. Ajá á gbójú sókè, á rò pé ọwọ́ òun ló ṣe é, gbogbo ìlú á máa yìn ín. Kódà tó bá fi mọ́tò ẹ̀ ta sìmẹ́ǹtì tútù sí èèyàn lára, onítọ̀hún á ní ọlá ńlá ló jẹ́ fóun pé Hong Kong Phooey ló ta á sí òun. Ibẹ̀ ni gbogbo pálọ̀ ti máa ń fẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ìwọ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

O rántí ọ̀rọ̀ orúkọ? A bi Bàbá Lọ́ńdọ̀nù pé kí ni ìtumọ̀ Spot tí wọ́n ń pe ológbò yẹn, wọ́n ní àmì tóótòòtó ni. O wo ológbò náà, ilà ló wà lára ẹ̀, kò sí àmì tóótòòtó kankan. O dìde dúró láàárín àlejò ọdún, o ní, “Ilà ló wà lára ẹ̀! Wọn ò tiẹ̀ pè é lórúkọ tó ń jẹ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. O kọ̀, o ò jẹ ẹran nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹran Iléyá, Àjọkẹ́! Inú ń bí ọ fún ológbò.

Lẹ́yìn ìyẹn, etí ọ̀sà di tiwa. Ìborùn Màámi laṣọ mi, ọ̀rá dúdú tí mo dá ihò méjì sí ni ìbòjú. Àpótí tí wọ́n ń kó ẹja gbígbẹ sí ni kọ́bọ́ọ̀dù wa, màá kó sínú ẹ̀, ìwọ á gbá a, màá jáde, gbogbo ara mi á máa rùn fún èéfín. Mọ́tò tiwọn, tí agogo bá ti dún ló ń yí padà, ó lè di ọkọ̀ òfuurufú, ó lè di ọkọ̀ ojú omi. Tiwa, ọkọ̀ ojú omi ni tẹ́lẹ̀, ògbólógbòó tí àwọn apẹja dojú ẹ̀ dé sílẹ̀, ìwọ lò ń lu ọmọrí ìkòkò kó tó di mọ́tò. Ìwọ náà ni ológbò lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan o bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó o ṣe ajá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní obìnrin kì í ṣe Họ́ńkọ́ńfúù. Bóyá o ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé ibi tó o dúró sí àti bó o ṣe gbé ọmọrí ìkòkò yẹn mọ́ àyà.

Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ò parí, ó kàn já síbẹ̀ ni. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ní ìyókù ń bọ̀. A dúró títí. Ìgbà tí NEPA wá mú iná lọ tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀, iná sì dé tán, fídíò jẹ téèpù ẹ̀ wúruwùru. O sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Èmi ni mo ní kó o dákẹ́, pé tí mo bá dàgbà, màá ra gbogbo ẹ̀ fún ọ. Mo jẹ ọ́ ní gbèsè ìyẹn náà.

Mo ti wádìí ẹ̀ báyìí. Àṣé ìgbà 16 péré ni wọ́n ṣe é, ìtàn 31 ló wà nínú gbogbo ẹ̀! Oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà, kí ọdún yẹn tó parí, tuntun ti tán, àwọn tí wọ́n ti ṣe ni wọ́n wá ń tún fi hàn. Ilé iṣẹ́ Hanna-Barbera tó ṣe Scooby-Doo, kàtúùnù ajá mìíràn, náà ló ṣe é. Ọdún tó ṣáájú ni Bruce Lee kú, kọnfú sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà nígbà yẹn. Ohun tí èmi àtìwọ ń dúró dè létí ọ̀sà ti parí kí wọ́n tó bí mi, áńbọ̀sìbọ́sí ìwọ. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́.

O tún máa ń sọ pé ohùn ajá yẹn jọ ti onísákárà. O ò jẹ̀bi. Olórin ni ẹni tó ń fọhùn fún un, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Scatman Crothers, òun náà ló fi ohùn ẹ̀ kọ orin tó máa ń ṣáájú. Ọdún 1986 ló kú, ìyẹn ni pé ó ti lọ kí ohùn ẹ̀ tó dé pálọ̀ wa. Àmọ́ ẹni tí mo wá jù ni ẹni tó ń ké fún ológbò, torí tìẹ. Don Messick lorúkọ ẹ̀. Òun náà ló ń fọhùn fún Scooby-Doo. Mo ní kó o mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé rí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún. Gbogbo yín mọ̀ pé ọ́fíìsì ni mo ń ṣiṣẹ́ níbí. Agbálẹ̀ ni mí níbẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń wọlé, mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń jáde, èmi àti ọkùnrin kan ará Gánà la ń pín àjà náà. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, mò ń nù wọ́n lóròòru. Ojú ò tì mí. Owó páànù, ibẹ̀ ló ti wá, kò sí kọ́bọ̀ kan tó gba ibòmíì wá, mo fẹ́ kó dá ọ lójú. Mò ń jẹun, ara mi le, ẹ má bẹ̀rù lórí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sórí fóònù, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé ẹnì kan ti sọ fún ọ. Ṣé ẹnì kan sọ fún ọ ni? Àbí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdúà òrùlé tuntun nìkan lo ń wí?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ àdúà ni. Ẹ gbé fóònù sókè kí n lè rí gbogbo ilé. Ààfáà ń pe orúkọ mi ṣáá. Bàbá Olórí Ẹbí ní èmi lọmọ tí kò jẹ́ kí ilé bàbá ẹ̀ wó. Mo rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, o gbé páálí omi lé èjìká, ò ń pín in. Mo rí ọ kedere. Mo ní “Àmín,” mo ní “Ẹ ṣeun, Bàbá,” mi ò dárúkọ rẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbèjà ara mi lọ́kàn. Mo ní ajá yẹn ò purọ́ rí. Mo ní ó fẹ́ràn ológbò ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nínú mọ́tò ló máa ń jókòó sí. Mo ní ajá ò kúkú mọ̀ pé ológbò ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ibi tí mo dé nìyẹn tí ẹnu mi fi wọhò. Ajá ò mọ̀. Èmi mọ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ka páànù níkọ̀ọ̀kan tó o fi rí i pé méje dín. Mo mọ̀ pé ìwọ lo dá pákó tútù padà tí oníṣòwò yẹn sì bú ọ lójú gbogbo ọjà. O ń ti ọjà ẹja dé ibi òrùlé, o ń ti ibi òrùlé padà sọ́jà, o sì tún fi owó àjọ rẹ, tó o fẹ́ fi kún ọjà, dí ihò tí mo fi sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú fóònù mi, ìwọ lò ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Àárọ̀ àná ni mo pe Bàbá Olórí Ẹbí. Mo sọ fún wọn pé páànù ni mo rà, pé ìwọ lo kọ́lé, pé owó rẹ ló parí ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “A mọ̀.” Wọ́n ní gbogbo ilé ló mọ̀. Àjọkẹ́, èyí dùn mí ju tìẹ lọ. Tí gbogbo yín bá mọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ mi nìkan ni Ààfáà ń pè? Ṣé torí kí n má baà dá owó dúró ni? Mi ò ní dá a dúró. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí tilé toko bá ti pé, kí wọ́n gbé fóònù sókè fún mi lọ́jọ́ náà, kí èmi náà fẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n ti gbà. Má lọ sá lọ sọ́jà lọ́jọ́ yẹn o. Mo mọ̀ ọ́.

Disiki méjì wà nínú àpò tí ará Ìkòròdú náà máa gbé fún ọ. Gbogbo 16 ló wà nínú ẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi ṣeré, jẹ́ kí èyí obìnrin ṣe ajá tó bá wù ú. Mo ti wo ìtàn méjì tiwa àkọ́kọ́, mo wo ẹ̀kẹta dé ibi tí téèpù wa ti já, mo sì pa á. Mi ò tíì wo ìyókù. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wò ó, kó o wá sọ fún mi bó ṣe parí.

Ṣé òjò ò jò sí yàrá Màámi mọ́? Òótọ́ ni kó o sọ fún mi, má sọ pé kò jò kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.